Orin Kan Wà Tí N Kò Mọ Orúkọ Rẹ̀

Lálẹ́ ọjọ́ kan ni adarí ẹgbẹ́ akọrin kan tí a ti jọ ṣiṣẹ́ rí pè mí lórí fóònù. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n dáhùn ìkíni rẹ̀ tán. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, orin yín kan wà tí a máa ń fi ṣe ìdánrawò láyé ọjọ́un. Ìwé rẹ̀ ti sọnù mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ bá mi fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́." Mo ní kí ni orúkọ orin náà. Ó ní òun kò rántí. Mo ní ọ̀rọ̀ wo la fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn gan-an ló ti fò lórí òun. Ó wá fi imú kọ ọ́ sí mi létí, nóòtì méje péré. Ó fò sókè, ó dúró díẹ̀, ó wá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn.

Mo mọ orin náà. Kó tó dé nóòtì kẹrin ni mo ti ń bá a kọ ọ́ lọ. Èmi ni mo kọ ọ́, mo sì rántí ohùn básì tó wà lábẹ́ rẹ̀ kedere. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò wá sí mi lórí, bẹ́ẹ̀ orúkọ nìkan ni kọ̀ǹpútà mọ̀. Mo ní kó fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó di agogo méjì òru, mo ṣì wà lórí àga, mo ń ṣí fáìlì, mo ń pa á dé.

Ẹni tó bá ti ń ṣe orin fún bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á mọ irú ibi tí mo wà yẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ. Orin ló máa ń hù lẹ́yìn ẹni bíi koríko lẹ́yìn òjò. Orin kan lè bẹ̀rẹ̀ bí ohùn tí mo fi ẹnu gbà sínú fóònù nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní balùwẹ̀. Á di ìwé orin nínú MuseScore, áàpù tí mo fi ń kọ nóòtì, á di fáìlì MIDI, á di iṣẹ́ ńlá kan tó ní àgbàsílẹ̀ ogójì nínú, á di WAV, á di MP3 tí mo fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bẹ̀ mí níṣẹ́, á di PDF fún sópránò, òmíràn fún áltò, títí dé orí básì. Ẹni náà á ní kí n gbé e sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ nítorí ohùn àwọn ọmọ òun kò dé òkè yẹn. Mo tún bẹ̀rẹ̀ látorí ìwé. Ká tó wí ká tó fọ̀, orin ìṣẹ́jú mẹ́ta ti ní ọgọ́rin fáìlì.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì mo kó gbogbo ẹrù sílẹ̀: kọ̀ǹpútà méjì, háàdì dískì mẹ́ta, fúláàṣì tí n kò ka iye wọn, fóònù àtijọ́ kan tí gíláàsì ojú rẹ̀ ti fọ́. Nígbà tí mo ka fáìlì inú gbogbo wọn, ó lé ní 11,000. N kò tíì kọ orin 500 láyé mi.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni ohun tí kò yẹ kí n ṣe. Mo wá áàpù kan tó máa ń wá fáìlì tó jẹ́ ìbejì, tó sì máa ń pa èyí tó bá pọ̀ jù rẹ́. N kò lè sọ pé áàpù náà purọ́. Ọ̀nà tó fi ń mọ ìbejì péye: á ṣírò gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì, ìṣirò náà á bí nọ́ńbà gígùn kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní SHA-256. Bí nọ́ńbà fáìlì méjì bá bára mu, ohun kan náà ni wọ́n, ì báà ṣe pé orúkọ wọn kò jọra rárá. Mo tẹ bọ́tìnì. Nǹkan bí 2,000 fáìlì lọ lẹ́ẹ̀kan. Ara mi fúyẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé irun.

Ọjọ́ kẹta ni mo ṣí iṣẹ́ kan tí mo ti ṣe lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Dùùrù ń dún, fèrè ń dún, ṣùgbọ́n ìlù dákẹ́ fin-in. Níbi tó yẹ kí àwòrán ohùn ìlù wà, àpótí tó ṣófo ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní fáìlì náà kò sí. Mo ṣí iṣẹ́ mìíràn, bákan náà. Ìlù kan ṣoṣo ni mo ti lò nínú iṣẹ́ mọ́kànlá, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀dà tirẹ̀ nínú fódà tirẹ̀. Lójú áàpù, mẹ́wàá ti pọ̀ jù. Lójú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ṣoṣo tí òun ní nìyẹn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti da gbogbo ẹrù náà kọ sórí dískì mìíràn kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ìyẹn nìkan ni ọgbọ́n tí mo fi ṣe gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Láti ìgbà náà, fódà iṣẹ́ tí mo bá ti ṣe tán, ilé onílé ni mo kà á sí. N kì í wọ ibẹ̀ lọ kó àga jáde.

Ìgbà tí mo dá ìlù padà tán ni mo tó bi ara mi ní ìbéèrè tó yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀. Kí ni mo ń kà gan-an? Ṣé fáìlì ni àbí orin?

Ó dà bí ìbéèrè ọmọdé, ṣùgbọ́n àwọn tó ń pín owó orin káàkiri ayé ti dáhùn rẹ̀ tipẹ́, ìdáhùn wọn sì wúlò fún èmi tí n kò tíì rí owó náà. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n ń lò. ISWC jẹ́ ti orin fúnra rẹ̀, ìyẹn ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ronú kàn: lẹ́tà T ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́sàn-án tẹ̀ lé e, àti ẹyọ kan lẹ́yìn tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa. ISRC jẹ́ ti àgbàsílẹ̀: lẹ́tà àti nọ́ńbà méjìlá, tí ọdún kan wà nínú rẹ̀. Bí olórin mẹ́wàá bá gba orin mi kan sílẹ̀, ISRC mẹ́wàá ló máa wà, ISWC kan ṣoṣo. Orin kò dọ́gba pẹ̀lú ariwo tí a fi gbé e jáde.

Nítorí náà ìwé méjì ni mo ṣí nínú spreadsheet. Èkíní ń jẹ́ Orin, èkejì ń jẹ́ Fáìlì. Nínú ìwé Orin, orin kan, ìlà kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìwé Fáìlì, ohun yòówù tó bá wà lórí dískì ní ìlà tirẹ̀, ìlà náà sì gbọ́dọ̀ sọ orin tó bí i. Fáìlì tí kò bá mọ bàbá rẹ̀ lọ sí fódà kan tí mo pè ní Ọmọ Ìgboro. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta fáìlì ló wà nínú Ọmọ Ìgboro.

Nọ́ńbà ló tún kàn. Mo ti máa ń rò pé nọ́ńbà orin gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀: ọdún tí mo kọ ọ́, irú orin tó jẹ́, ẹni tó bẹ̀ mí níṣẹ́. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé bí mo bá ti rí nọ́ńbà, mo ti mọ orin. Àwọn tó ti gbìyànjú rẹ̀ ṣáájú mi ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ẹ wo Chopin, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó kọ orin ní Yúróòpù láyé àtijọ́: concerto dùùrù (orin tí dùùrù kan ń ṣíwájú ẹgbẹ́ olóhun-èlò) tí gbogbo ayé ń pè ní Èkíní, òun ló kọ ṣìkejì. Nítorí pé ó kọ́kọ́ jáde ní ìtẹ̀wé ló ṣe gba ipò àkọ́bí. Símfónì, ìyẹn orin gígùn fún ẹgbẹ́ olóhun-èlò, tí Dvořák, àgbà mìíràn, kọ ní 1893, tí wọ́n ń pè ní ti Ayé Tuntun, Ìkarùn-ún ló ń jẹ́ fún ọdún gbọọrọ, nítorí àwọn mẹ́rin kan wà nílẹ̀ tí kò tẹ̀ jáde. Lónìí Ìkẹsàn-án ni. Orin kò yí padà, nọ́ńbà ló rìnrìn àjò.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti Mozart. Ní 1862, Ludwig von Köchel to gbogbo orin Mozart gẹ́gẹ́ bó ṣe rò pé ó kọ wọ́n tẹ̀ léra, láti 1 dé 626. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n bí ìwádìí ti ń lọ, wọ́n ń rí i pé orin kan tó wà níwájú, ẹ̀yìn ló yẹ kó wà, àti pé òmíràn tó wà lẹ́yìn ti dàgbà ju ibi tó jókòó sí. Àtúntẹ̀ kẹfà, tó jáde ní 1964, gbìyànjú láti há wọn sáàárín ara wọn. Símfónì kan tó ń jẹ́ K. 183 wá ń jẹ́ 173dB. Nọ́ńbà tí lẹ́tà méjì so mọ́ nídìí! Àwọn olórin kò dá a lóhùn, 183 ni púpọ̀ wọn ń pè é. Wolfgang Schmieder gba ọ̀nà mìíràn nígbà tó to ti Bach ní 1950: irú orin ló fi pín wọn, kò wo ọjọ́ orí. BWV 1 (BWV ni orúkọ nọ́ńbà Schmieder) kì í ṣe orin tí Bach kọ́kọ́ kọ, cantata, ìyẹn orin ohùn ènìyàn pẹ̀lú ohun èlò, ni wọ́n kàn fi ṣáájú. Ìyẹn dára fún ẹni tó ti kú, tí irú orin tó ń kọ kò ní yí padà mọ́. Èmi ṣì wà láyé, ọ̀la ni mo lè kọ ohun tí kò bá ìkankan nínú àpótí mi mu.

Bí mo ṣe yan nọ́ńbà òpè nìyẹn: 0001, 0002, 0003, bí mo bá ṣe pàdé wọn. Orin tí mo kọ ní kékeré lè jẹ́ 0290 bí ó bá jẹ́ pé ìgbà yẹn ni mo rí i. Kò sọ nǹkan kan, nítorí náà kò ní purọ́. Òdo iwájú yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe o, nítorí ibi púpọ̀ wà tí kọ̀ǹpútà ti ń to orúkọ bí lẹ́tà, tí 10 á ṣáájú 2, tí 100 á sì dúró láàárín wọn bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Ọjọ́ ní àpótí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọdún ni mo ń kọ́kọ́ kọ, kí oṣù tó tẹ̀ lé e, kí ọjọ́ tó kẹ́yìn, bíi 2019-03-07. Bí a bá kọ ọ́ báyìí, títò bí lẹ́tà àti títò bí ọjọ́ á já sí ohun kan náà.

Orúkọ ló wá fẹ́ pa mí.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èmi kò wo ilé. Yorùbá ni mo fi ń pe orin mi, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí mo kọ́kọ́ lò kì í gba àmì sórí orúkọ fáìlì láìba nǹkan jẹ́: á sọ lẹ́tà ẹ di àmì ìbéèrè, á sọ lẹ́tà ọ̀ di àpótí. Mo bá ń yọ gbogbo àmì kúrò. Lọ́jọ́ tí mo to fáìlì gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà, mo rí i: oko, oko2, Oko_tuntun, OKO. Mo jókòó, mo ń wò wọ́n. Mo mọ̀ pé mo kọ orin kan fún àwọn awakọ̀ ojú omi, Ọkọ̀. Mo kọ òmíràn tí ń jẹ́ Ọkọ́, tó jẹ́ ti ohun èlò tí a fi ń ro ilẹ̀, èyí tí ìlù rẹ̀ máa ń balẹ̀ gbìn gẹ́gẹ́ bí irin ṣe ń wọ ilẹ̀. Oko wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ibi tí a ti ń dáko. Ìkẹrin ni Òkò, orin kúkúrú kan tí mo kọ nígbà tí inú ń bí mi. Èwo wá ni oko2? Èmi tí mo ń pariwo mọ́ akọrin pé kí wọ́n má gbé ohùn òkè sí ìsàlẹ̀, èmi fúnra mi ni mo fọwọ́ pa ohùn rẹ́ lára orúkọ orin mi.

Ó tún kù síbì kan. Lẹ́yìn tí mo ra kọ̀ǹpútà tó gba àmì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ dáadáa. Lọ́jọ́ kan mo wá fáìlì kan tí ń jẹ́ Lẹ́ẹ̀kan Sí I. Kọ̀ǹpútà ní kò sí. Bẹ́ẹ̀ mo ń wò ó lójú kòrókòró, ó wà nínú fódà tó ṣí sílẹ̀ níwájú mi. Àlàyé rẹ̀ rèé. Nínú Unicode, tí í ṣe ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ gbogbo èdè, kò sí ẹyọ kan ṣoṣo tó jẹ́ ẹ́. É wà, ẹ wà, ṣùgbọ́n èyí tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ pọ̀, a ní láti so ó pọ̀ ni. A lè mú ẹ ká gbé àmì òkè lé e. A lè mú é ká fi àmì sí i nísàlẹ̀. A sì lè mú e lásán ká fún un ní àmì méjèèjì. Lójú wa ohun kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú kọ̀ǹpútà, àlejò ni wọ́n síra wọn, àfi bí áàpù tí a ń lò bá ti mọ̀ pé kó sọ wọ́n di ọ̀kan kó tó wá nǹkan. Àwọn kọ̀ǹpútà kan tilẹ̀ wà tí wọ́n máa ń tú àmì náà ká fúnra wọn nígbà tí a bá ń pa fáìlì mọ́. Ìrísí tí ń jẹ́ NFC ni mo sọ gbogbo orúkọ inú ìwé mi dà, kí ọ̀nà ìkọ̀wé kan ṣoṣo wà. Inú orúkọ fáìlì gan-an, mo padà sí lẹ́tà lásán, ṣùgbọ́n pẹ̀lú nọ́ńbà níwájú: 0142_oko_sopran_2021-06-14_e03.pdf. Oko yẹn lè jẹ́ oko yòówù kó jẹ́. 0142 ló mọ̀, inú ìwé Orin sì ni orúkọ rẹ̀ wà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ lórí.

Àwọn MP3 mi àtijọ́ ní ẹ̀sùn tiwọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ID3 (àlàyé nípa orin tí a so mọ́ fáìlì) ti àkọ́kọ́, èyí tó ti wà láti 1996: báìtì 128 péré ní ìdí fáìlì, 30 nínú rẹ̀ fún orúkọ orin. Kò sí àyè fún lẹ́tà bíi ọ níbẹ̀. Orúkọ gígùn sì máa ń já láàárín bí okùn tó ti gbó. ID3 kejì gba gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní láti tún wọn kọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fi rédíò gbé ara mi ró.

Lórí irú fáìlì tó yẹ kéèyàn tọ́jú, n kò ní pẹ́ púpọ̀. WAV tó dọ́gba pẹ̀lú CD máa ń gba nǹkan bíi megabyte mẹ́wàá fún ìṣẹ́jú kan, ti ilé ìgbohùnsílẹ̀ tó jẹ́ bit 24, tó ń wọn ohùn nígbà 48,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á lé ní mẹ́tàdínlógún. Àyè ń tán. FLAC, fáìlì ohùn tí a fún pọ̀, dà bí aṣọ tí a ká: bí a bá tú u, aṣọ náà pé, kò sí ibi tó ya. MP3 dà bí aṣọ tí a gé etí rẹ̀ kó lè wọ àpò. Ẹni tó bá gbé MP3 padà sínú WAV kò rí etí aṣọ náà mọ́, àpò tó tóbi ló rí. MIDI kò tilẹ̀ ní ohùn nínú rárá, àṣẹ ló wà níbẹ̀: tẹ èyí, fi í sílẹ̀, tẹ ìyẹn kíkankíkan. Ìdí nìyẹn tí MIDI àtijọ́ mi fi dún bí agogo kẹ̀kẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tuntun.

Ohun tí mo bẹ̀rù ju gbogbo rẹ̀ lọ ni fáìlì tó jẹ́ pé áàpù kan ṣoṣo ló lè ṣí i. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, àwọn tó ń ṣe Finale, áàpù ìkọ̀wé orin kan, kéde pé àwọn kò ní tún un ṣe mọ́, lẹ́yìn ọdún márùndínlógójì. Ẹ ronú iye ìwé orin tí àwọn ènìyàn ti fi Finale kọ. Èmi kì í lò ó, ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ṣí gbogbo iṣẹ́ mi, mo sì sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di MusicXML, èyí tí ó ti wà láti 2004, tí áàpù ìkọ̀wé orin púpọ̀ lè kà. Kì í gbé gbogbo ẹwà ojú ìwé lọ. Nóòtì, ọ̀rọ̀ àti ìlù, ó ń gbé wọn. PDF ni mo fi pa ẹwà mọ́. Ẹ̀dà mẹ́ta ni mo ní fún gbogbo rẹ̀, lórí irú ohun ìpamọ́ méjì, ọ̀kan sì wà ní ilé mìíràn. Gbogbo ènìyàn ló mọ ìyẹn, ẹni tó ń ṣe é ló kéré.

Ó ti di oṣù kẹrin báyìí, gbogbo nǹkan ti wà létòlétò, inú mi sì ń dùn sí ara mi. Mo wá rántí adarí. Bó bá tún pè mí lálẹ́ yẹn, tó fi imú kọ nóòtì méje sí mi létí, kí ni gbogbo nọ́ńbà àti ọjọ́ àti FLAC yìí máa ṣe fún un? Odindi òdo. Mo ti to àká mi fún ẹni tó bá mọ orúkọ. Ẹni tí orin wà lórí ahọ́n rẹ̀, mo ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn.

Haydn, àgbà mìíràn tó kọ orin ní Yúróòpù, ló yọ mí. Ní nǹkan bí 1765 ló bẹ̀rẹ̀ ìwé kan tó fi ń ka orin ara rẹ̀. Kò gbára lé orúkọ. Ó ń kọ ìbẹ̀rẹ̀ orin náà, nóòtì díẹ̀ lórí ìlà, bí ẹni ya ojú ọmọ rẹ̀ sínú ìwé. Concerto kan fún cello (gòjé ńlá), ní C, wà nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n orin gan-an ti sọnù, kò sí ẹni tó rí i fún ìran mélòó kan. Ìlà kékeré yẹn nìkan ló kù. Ní 1961, wọ́n rí ìwé orin àwọn olóhun-èlò kan ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé tí ń jẹ́ National Museum ní ìlú Prague. Wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìlà tí Haydn kọ. Ojú kan náà ni. Ká ní "concerto cello" nìkan ló kọ, ta ni ìbá fi ọwọ́ sọ̀yà? Mozart náà ṣe bẹ́ẹ̀ láti oṣù kejì ọdún 1784 títí dé ọdún tó kú: ọjọ́, orúkọ, ohun èlò, àti bí orin náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Mo bá fi àpótí méjì kún ìwé Orin. Mo pe èkíní ní Ẹnu Orin. Ibẹ̀ ni mo ń fi lẹ́tà dò-re-mí kọ nóòtì tó ṣáájú, mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá. N kò lo ìlà márùn-ún, nítorí spreadsheet kò mọ bí a ṣe ń wá àwòrán, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ṣe ń wá s d d t l. Dò-re-mí sì ní àǹfààní kan: bí a bá gbé orin sókè tàbí sísàlẹ̀ nítorí ohùn àwọn ọmọ, lẹ́tà náà kì í yí padà. Àpótí kejì ni Ìrìn. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Denys Parsons ló fi irú rẹ̀ hàn ní 1975: ó rí i pé bí a bá kàn sọ pé nóòtì kan ga ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, tàbí ó rẹlẹ̀, tàbí ó dọ́gba, ìyẹn nìkan ti tó láti ya orin púpọ̀ sọ́tọ̀ síra wọn. Mo sọ tirẹ̀ di Yorùbá. G fún gòkè, S fún sọ̀, D fún dúró. Ẹni tí kò gbọ́ orin dáadáa, tó ń ṣìnà díẹ̀, á ṣì rìn ín dé ibi tó ń lọ. Fún àwa tí a ti ń gbé dò, re àti mí lórí ọ̀rọ̀ láti kékeré, kò ṣòro rárá. Nígbà mìíràn tí n kò rántí ohùn mọ́ tí mo sì rántí ọ̀rọ̀, àmì orí ọ̀rọ̀ náà máa ń dá ìdajì ìrìn náà padà fún mi.

Kí n tó lè kún àpótí méjèèjì, mo ní láti gbọ́ gbogbo orin. Kò sí áàpù tó lè bá mi gbọ́ ọ. Ìrọ̀lẹ́ ni mo ń ṣe é, orin márùn-ún, orin mẹ́fà, fóònù àtijọ́ tó fọ́ lójú wà lórí ẹsẹ̀ mi. Orúkọ tí fóònù náà fún gbogbo àgbàsílẹ̀ ni nọ́ńbà lásán. Nínú ẹyọ kan, òjò ni mo gbọ́ fún ìṣẹ́jú méjì, kò sí ohun mìíràn. Nínú òmíràn, mo gbọ́ ohùn ara mi, ó kéré, bí ẹni tí kò fẹ́ jí àwọn ará ilé: "Kí n má gbàgbé èyí." Ohùn orin tẹ̀ lé e fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, ó sì dára. Mo ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Mo fún un ní nọ́ńbà, 0351.

Lọ́jọ́ tí mo parí, mo kọ ohun tí adarí fi imú kọ sínú àpótí ìwádìí: G D S S S S. Mẹ́ta jáde. Mo gbọ́ èkíní, kì í ṣe òun. Èkejì kì í ṣe òun. Ìkẹta sún mọ́ ọn débi pé mo dìde dúró, ṣùgbọ́n ní nóòtì kẹfà ó fo sol (s) kọjá, nígbà tó jẹ́ pé tiwa rọra tẹ̀ ẹ́. Kò sí nínú fáìlì 11,000. Bóyá orí fúláàṣì kan tó ti bàjẹ́ ló wà, bóyá inú fóònù kan tí mo ti tà.

Mo pe adarí. Wọ́n ti fi orin mìíràn ṣe ètò wọn tipẹ́, ó sì tọrọ àforíjì bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀. Mo ní, "Kò séwu, àbúrò. Ẹ ṣáà bá mi tún un fi imú kọ, kí ẹ gbà á sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́." Ó rò pé mo ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ṣe é.

Bó ṣe di ìlà 0388 nìyẹn. Orúkọ: òfìfo. Ọjọ́: òfìfo. Ẹnu Orin: s d d t l s m. Ìrìn: G D S S S S. Básì: mo kọ ọ́ sí ibi àlàyé, látorí mi. Nínú ìwé Fáìlì, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ nọ́ńbà yẹn, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án, imú adarí, àti ẹnìkan tó ń bi í lẹ́yìn pé kí ló ń kọ.